Ìkéde: Ẹ Mú Aṣọ Ìpolongo Ìbò Yín Wá

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, aṣọ tí wọ́n tẹ orúkọ tàbí àwòrán olóṣèlú sí la ó jọ yẹ̀ wò ní ìpàdé tó ń bọ̀. Áńkáṣíìfù pupa ti 1888 ló wù mí jù, èyí tí àwọn alátìlẹ́yìn Cleveland, tó ń du ipò ààrẹ Amẹ́ríkà, àti Thurman, tó ń du ipò igbákejì rẹ̀, sọ di àmì wọn. Aáṣà ni Thurman máa ń fín, ìdí nìyẹn tí áńkáṣíìfù kì í fi í sílẹ̀! Harrison, alátakò wọn, ló wọlé ṣá. Áńkáṣíìfù ti Theodore Roosevelt, nígbà tó du ipò ààrẹ ní 1912, náà dára.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ aṣọ tí ẹ ó mú wá, ẹ má sì lọ̀ ọ́. Àwọ̀ rẹ̀ lè ṣí. Ẹ ká a mọ́ ọ̀pá tí ẹ ti fi bébà wé, torí ojú ìṣẹ́po ló máa ń kọ́kọ́ ya. Píìnì tó ń dípẹtà ńkọ́? Ẹ yọ ọ́ lónìí.