Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ẹ má san owó sí àkáǹtì wa àtijọ́ mọ́

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú ọjà, ẹ sì kú àdúrótì. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ àlàyé, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó jẹ yín lógún jù. Nọ́ńbà àkáǹtì tí ẹ ti mọ̀ mọ́ wa, èyí tó wà lórí risíìtì àti lára pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù àdìrẹ wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, l'Óṣogbo, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí i mọ́. Báǹkì ti tì í pa. Owó tí ẹ ti san síbẹ̀ kò sọnù, iṣẹ́ yín kò sì yẹ̀. Ẹni tí báǹkì tirẹ̀ bá ti yọ owó fún wa, a ti kà á sí owó tó dé ọwọ́ wa. A kò ní ní kí ẹnikẹ́ni tún un san, a kò sì ní ní kí ẹ lọ bá báǹkì jà.

Ọ̀pọ̀ yín ló ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń rà lọ tún tà n'Ìbàdàn àti ní Ìtòkú l'Abẹ́òkúta. Ẹnìkan tilẹ̀ ti sọ fún mi l'Ọ́jà Ọba pé òun gbọ́ pé EFCC ló wá wa wá. EFCC kọ́ o! Owó tí báǹkì ń gé lórí àkáǹtì, tí gbogbo wa ń pè ní charges, ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Àkáǹtì current ni, orúkọ ṣọ́ọ̀bù ló wà lórí rẹ̀. Ìlànà tí CBN, báǹkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, gbé jáde ní 2020 gba báǹkì láyè láti gba owó ìtọ́jú lórí irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀: kò gbọdọ̀ ju náírà kan lọ lórí ₦1,000 kọ̀ọ̀kan tó bá jáde lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Àkáǹtì savings kì í san án. VAT tó jẹ́ ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún á tún gun orí owó ìtọ́jú náà. Bí ₦2,000,000 bá jáde lóṣù kan, owó ìtọ́jú á jẹ́ ₦2,000, VAT rẹ̀ á jẹ́ ₦150. Kò pọ̀, a kò sì jiyàn pé kí a má san án.

Ṣùgbọ́n ìparí oṣù ni wọ́n ń yọ ọ́. Gbogbo owó tó wà nínú àkáǹtì la sì ti fi ra aṣọ funfun àti aró, kí ọdún Ọ̀ṣun tó wọlé, torí oníṣòwò tó bá ń gbé ìlú aró yìí mọ̀ pé Oṣù Kẹjọ kì í dúró de ẹni tí ọjà rẹ̀ kò tíì gbẹ lórí okùn. Nígbà tí ìparí oṣù dé, kò sí nǹkan kan tí wọ́n lè yọ. Wọ́n kọ ọ́ sí gbèsè, wọ́n fi èlé lé gbèsè, owó alert tún gorí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, láìsí lẹ́tà, láìsí ìpè, wọ́n fi ohun tí wọ́n ń pè ní PND (Post No Debit) sí i. Bí wọ́n bá fi í sí àkáǹtì, ìgèrè ló dà: owó á máa wọlé, kò ní rọ́nà jáde. Ìdí nìyẹn tí owó yín fi ń lọ geere, tí àwa náà ń gbọ́ alert, tí a ń dúpẹ́, láìmọ̀ pé a kò lè fi ra ọṣẹ.

Ọjọ́ tí a fẹ́ sanwó kọ́sítíìkì sódà la tó mọ̀. Nígbà tí a dé báǹkì, ọmọbìnrin tó wà ní káńtà yí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi. Owó yín wà níbẹ̀, ó pé pérépéré. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú, mò ń rí i, ṣùgbọ́n mi ò lè fọwọ́ kàn án. Ó dọwọ́ àwọn ọ̀gá l'Ékòó." Ọmọ náà bọ̀wọ̀ fún mi, n kò bá a jà. Mánéjà ni mo bi léèrè: owó tó wọlé ti ju gbèsè yẹn lọ fíìfíì, kí ló dé tí ẹ kò yọ tiyín, kí ẹ fi tiwa sílẹ̀? Ó ní wọ́n ti yọ ọ́. Wọ́n ti yọ ọ́! A kò jẹ wọ́n ní nǹkan kan mọ́, síbẹ̀ àkáǹtì ò ṣí, torí fọ́ọ̀mù kan gbọ́dọ̀ lọ sí Èkó kó tó padà wá. Nígbà tí wọ́n ń yọ owó, kò gba fọ́ọ̀mù.

A gba sítéètìmẹ́ǹtì, a fi rúlà tò ó ní ìlà-ìlà. A rí owó ìtọ́jú káàdì níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìlànà 2020 yẹn kan náà sọ pé àkáǹtì current kì í san owó ìtọ́jú káàdì. Savings ló ń san ₦50 lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta. A kọ lẹ́tà ẹ̀sùn, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiwa, a sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni báǹkì ní láti yanjú rẹ̀. Bí wọn ò bá ṣe é, lẹ́tà kejì á lọ sọ́dọ̀ ẹ̀ka tó ń gbèjà oníbàárà ní CBN, ní cpd@cbn.gov.ng. Ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù bíi tiwa, ẹ má sáré gba CBN lọ láìkọ́kọ́ kọ̀wé sí báǹkì o, wọ́n á dá yín padà ni.

Ó wá kan aṣọ yín. Kámpálà tí a ti fi fóòmù tẹ àbẹ́là yíyọ́ sí lára ti wà nílẹ̀ kí owó kọ́sítíìkì sódà àti háídírò tí a ń fi po aró tó há. Àbẹ́là tó bá pẹ́ lára aṣọ tí a ká máa ń sán, aró á sì gba ibi tó sán wọlé. Nítorí náà, àwọn aṣọ kan á ní ìlà wẹ́wẹ́ ju bí ẹ ṣe máa ń rí i lọ. Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kódà àwọn míì ń bẹ̀ wá pé ká mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ, kó sọ fún wa nígbà tó bá yẹ̀ ẹ́ wò, a ó ṣe òmíràn fún un láìgba owó kún un. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ kò sí nínú èyí, ó ti jáde.

Ní ti owó sísan, a ti ṣí àkáǹtì ní báǹkì mìíràn. N kò kọ nọ́ńbà rẹ̀ síbí, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ni, torí irú àsìkò yìí làwọn gbájúẹ̀ máa ń yọjú. Ẹ pè wá sórí fóònù tó wà lórí risíìtì yín àtijọ́, àwa fúnra wa á ka nọ́ńbà náà fún yín. Bí orúkọ tó jáde lójú fóònù kò bá jẹ́ orúkọ ṣọ́ọ̀bù, ẹ má tẹ PIN. Kò sẹ́ni tó máa ti ọ̀dọ̀ wa béèrè OTP lọ́wọ́ yín. Ẹ lè lo POS inú ṣọ́ọ̀bù, ẹ sì lè mú owó wá lọ́wọ́. Ti ara pátákó, a ti fi ọ̀dà pa á rẹ́.

Aṣọ ẹbí ti ọdún Ọ̀ṣun la ó kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn rẹ̀ ni ti àwọn tó ń tún un tà. Bí tiyín bá ti gbẹ, a ó pè yín. Ẹ mú risíìtì dání, tàbí kí ẹ fi alert owó tí ẹ san hàn wá.

Èmi ni,
Ìyá Aládìrẹ yín,
Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, Òṣogbo.