Ọmọ Mumbles tó ń fi ìbọ̀wọ́ pidán

Lánre ọ̀rẹ́ mi,

Mo rí fọ́tò etíkun Mumbles ní Wales tí o fi ránṣẹ́. Ǹjẹ́ o mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Cardini onídán lọ́dún 1895? Richard Pitchford lorúkọ rẹ̀ gan-an. Ara káàdì ló ti yọ orúkọ ìtàgé yẹn, ó wá jẹ́ kó dún bíi ti Houdini, gbajúmọ̀ onídán ìgbà náà.

Fídíò rẹ̀ tí wọ́n yà fún tẹlifíṣọ̀n lọ́dún 1957 ni mò ń wò látìjẹta. Kò la ẹnu rárá. Á wọlé bí ọ̀gbẹ́ni olówó tó mutí yó díẹ̀, tòun ti fìlà gíga àti gíláàsì ojú kan. Àfi gbọ́ọ̀ tí káàdì yọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ́ bí abẹ̀bẹ̀. Ó dà á nù, òmíràn tún yọ. Ìyàlẹ́nu mú un débi pé gíláàsì já bọ́ lójú rẹ̀. Onídán mìíràn á máa pàṣẹ fún káàdì. Tirẹ̀, káàdì ló ń wá a kiri, kò sì mọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀!

Tìbọ̀wọ́-tìbọ̀wọ́ ló sì ń ṣe é. Ó jagun nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, òtútù inú kòtò ogun ò jẹ́ kó lè bọ́ ìbọ̀wọ́, ló bá fi kọ́ iṣẹ́ náà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fara gbọgbẹ́, orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù náà ló tún ti ń bá a lọ. Ìwọ lo kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń po káàdì, wàá mọ ohun tí mò ń sọ. Mo wọ ìbọ̀wọ́ tí mo fi ń gun ọ̀kadà lálẹ́ àná, mo gbìyànjú ẹ̀. Ìka ò mọ etí káàdì mọ́. Méjì mẹ́ta á lẹ̀ pọ̀, ìyókù á yọ̀ bọ́ sílẹ̀.

Ó ta ohun èlò idán ní ṣọ́ọ̀bù Gamages ní Lọ́ńdọ̀nù, ó dé Ọsirélíà, ó sì wọ Amẹ́ríkà lọ́dún 1926. Ayé fọdefíìlì, ìyẹn eré orí ìtàgé oríṣiríṣi, ṣì ń lọ nígbà náà: olórin, aláwàdà, onídán, ẹni kan ń sọ̀ kalẹ̀, ẹnì kejì ń gòkè. Nígbà tí sinimá gba èrò lọ́wọ́ wọn, kò fi káàdì sílẹ̀. Ó kó o lọ sí ilé fàájì alẹ́.

Jọ̀ọ́, tó o bá ń wo fídíò náà, má wo òun nìkan. Ọmọ iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì tó ń gba fìlà àti ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn, Swan ìyàwó rẹ̀ ni. Àwọn méjèèjì ló ni eré yẹn lójú tèmi.

Lọ́jọ́ tí òtútù bá mú dáadáa, tún lọ sí etíkun yẹn. Wọ ìbọ̀wọ́, kó káàdì dání, kí o wá kọ̀wé sọ fún mi iye tó dúró lọ́wọ́ rẹ.

Èmi ni tìrẹ,
Kúnlé