Lẹ́tà sí àbúrò mi tó fẹ́ ra ìwé ẹyẹ, ìwé igi àti ìwé olú

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

O ní ìwé mẹ́ta lo fẹ́ rà. Ó dáa. Má jẹ́ kí èèpo ìwé tó ń dán tàn ọ́ jẹ o. Mú ohun méjì tó jọra tí ìwọ fúnra rẹ ti mọ̀ dájú, kí o fi wọ́n dán ìwé náà wò. Bí àpẹẹrẹ, wá àwòdì, kí o sì wá àṣá. Ṣé òǹkọ̀wé sọ fún ọ pé ìrù àwòdì là díẹ̀ níparí, tí ti àṣá kò là? Bí gbogbo ohun tó rí sọ kò bá ju pé ẹyẹ apẹran tó lágbára ni àwọn méjèèjì lọ, dá a padà sórí pẹpẹ. Kò sẹ́ni tí kò lè ṣàpèjúwe ẹyẹ kan ṣoṣo. Ibi tí iṣẹ́ wà ni yíya ẹyẹ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó jọ ọ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìwé ti ń yẹ iṣẹ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, wo ibi tí ìwé náà kárí. Èyí tó kó gbogbo ẹyẹ ilẹ̀ ńlá kan pọ̀ yóò wúwo, yóò sì máa nawọ́ ẹyẹ tí kò dé agbègbè rẹ rí sí ọ. Ra èyí tó dá lórí agbègbè tí o ti fẹ́ lò ó, tí máàpù kékeré sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyẹ kọ̀ọ̀kan. Ka àlàyé àwọ̀ máàpù níwájú ìwé kí o tó lò ó, torí àwọ̀ tí máàpù fi ń sàmì sí ibi tí ẹyẹ ń gbé tọdún-tọdún yàtọ̀ sí ti ibi tó kàn ń ṣí wá fún ìgbà díẹ̀.

Ní ti àwòrán, àwòrán tí a fọwọ́ yà ni mo fara mọ́ fún ẹyẹ. Ẹyẹ kan ṣoṣo ni fọ́tò ń fi hàn, ní ọjọ́ kan, nínú ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹni tó ń yàwòrán lè to akọ, abo àti ọmọ sójú ìwé kan, kí gbogbo wọn kọjú síbì kan náà. Láti ọdún 1934, tí Roger Tory Peterson ti Amẹ́ríkà gbé ìwé ẹyẹ rẹ̀ jáde, ni àwọn ayàwòrán ti ń fa ìlà kékeré sí ibi tí ojú gbọ́dọ̀ wò lára ẹyẹ. Wá irú ìlà bẹ́ẹ̀. Èèpo igi ní tirẹ̀, fọ́tò ló ń gbé e jáde dáadáa.

Tí ẹyẹ bá wá yọ, má ṣí ìwé. Bí o bá ń ṣí i lọ́wọ́, ẹyẹ á ti fò lọ. Wò ó tán, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀: bó ṣe tóbi tó sí ẹyẹ tí o ti mọ̀, bí àgógó rẹ̀ ṣe rí, bí ìrù rẹ̀ ṣe gùn tó, ìlà ojú, ìlà apá, igbe rẹ̀, àti ohun tó ń ṣe. Ìgbà yẹn ni kí o tó yẹ ìwé wò. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ka ìwé, ohun tó kà ni yóò máa rí lára ẹyẹ. Kí o sì mọ̀ pé ìwé ẹyẹ kì í tẹ̀ lé ABD: mọ̀lẹ́bí ni wọ́n fi ń tò wọ́n. Jókòó nílé, kí o mọ ibi tí ẹbí kọ̀ọ̀kan wà, kí o lẹ bébà kékeré mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ wọn.

Ìwé igi tó dára a máa bi ọ́ ní ìbéèrè méjì-méjì. Ṣé ewé kọjú síra lórí ẹ̀ka ni, àbí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yọ? Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tó ń gbé ọ lọ síbi ìbéèrè mìíràn. Ka àwọn méjèèjì tán kí o tó yan ọ̀kan, kí o sì máa kọ nọ́ńbà tí o bá gbà kọjá, kí o lè padà sẹ́yìn tí ọ̀nà bá dí. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n ń pe ewé wẹ́wẹ́, ìyẹn àwọn ewé kéékèèké tó para pọ̀ di ewé kan, ní odindi ewé. Wo igun tí ọrùn ewé fi so mọ́ ẹ̀ka: èéhù kékeré máa ń wà níbẹ̀. Tí kò bá sí èéhù níbi tí o ń wò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ara ewé kan náà lo ṣì wà. Má já ewé lára ẹ̀ka tuntun tó ń yọ láti ìdí kùkùté, nítorí ó sábà máa ń tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì lè má jọ ewé igi tó ti dàgbà.

Ti olú ni kí o fara balẹ̀ gbọ́. Wa olú náà jáde pẹ̀lú ìdí rẹ̀, má gé e láàárín. Amanita phalloides, tó wà lára àwọn tó ń pa èèyàn jù, ní àpò kan tó yí ìdí rẹ̀ ká, inú ilẹ̀ sì ni àpò náà sábà máa ń wà. Ẹni tó fi ọ̀bẹ gé e ti fi ẹ̀rí tó ṣe pàtàkì jù sílẹ̀ nínú ilẹ̀. Láti mọ àwọ̀ ìyẹ̀fun rẹ̀, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú tó ń já bọ́ láti abẹ́ orí olú, gé orí rẹ̀, dojú rẹ̀ dé orí bébà tí ìdajì rẹ̀ funfun, tí ìdajì dúdú, fi ife bò ó títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ìwé tí kò bá sọ àwọ̀ ìyẹ̀fun yìí fún olú kọ̀ọ̀kan kò tó ìwé. Síbẹ̀, má torí ìwé jẹ olú kankan. Sísè kì í pa oró Amanita yìí, wákàtí 6 sí 24 sì lè kọjá kí inú tó bẹ̀rẹ̀ sí í run ẹni. Lẹ́yìn èébì àti ìgbẹ́ gbuuru, ara a tún dà bí ẹni pé ó fẹ́ yá, bẹ́ẹ̀ ẹ̀dọ̀ ti ń bàjẹ́ lọ. Ẹni tó mọ olú gan-an, tó sì fojú rí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ, nìkan ló lè sọ pé jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ pé olú tí kòkòrò ń jẹ kò lóró, irọ́ ni.

Wo ọdún tí ìwé jáde pẹ̀lú. Àtúntẹ̀ kì í ṣe àtúnṣe. Ìwé lè jáde lọ́dún yìí kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti gbó. Láti ìgbà ìpinnu ọdún 2005, àwọn igi ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ń pè ní Acacia ti di Vachellia àti Senegalia. Ní 2021, IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹ̀dá, ya erin igbó sọ́tọ̀ kúrò lára erin ọ̀dàn. Orúkọ àtijọ́ kò pa ẹnikẹ́ni lára, ìtọ́jú àtijọ́ ló ń pani. Tí ìwé ìrìn inú igbó bá ní kí o gé ojú ibi tí ejò bù ṣán, kí o fa oró náà mu, fi pẹ́ńsù fagi lé e. Kí ẹni náà má rìn, kí wọ́n bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà kó tó wú, kí apá tàbí ẹsẹ̀ náà má mì, kí wọ́n sì gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá. Omi mímu ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ hó gidi fún ìṣẹ́jú 1, tàbí 3 tí ibẹ̀ bá ga ju mítà 2,000 lọ.

Tí òjò bá wá pa ìwé, má sá a sóòrùn. Ojú ìwé tó ń dán a máa lẹ̀ mọ́ra bó bá gbẹ, kò sì ní ṣí mọ́ láéláé. Fi bébà tó ń fa omi sáàárín ojú ìwé kọ̀ọ̀kan nígbà tó ṣì tutù, kí o máa pààrọ̀ rẹ̀ níwájú fáànù. Bí kò bá sí àyè lọ́jọ́ yẹn, fi ọ̀rá wé e, gbé e sínú fìríísà títí àyè yóò fi wà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ