Kí a tó fọwọ́ sí ìwé kúárì: ìpè sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wa nílé, lóko àti lẹ́yìn odi

Ẹ̀yin ọmọ Líṣàbí, ẹ̀yin àgbà tó wà nínú Abẹ́òkúta, ẹ̀yin ará abúlé àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìdálẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àjò.

Owó la fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín, a ò ní fi bò. Iléeṣẹ́ kan ti gba àṣẹ kúárì, ìyẹn àṣẹ láti fọ́ òkúta, lórí òkè tó wà lẹ́yìn abúlé wa lọ́nà Ọdẹ́dà, wọ́n sì ti gbé ìwé àdéhùn wá bá Baálẹ̀. Ojú ewé méjì péré ni. Kànga ẹ̀rọ kan, ọ̀dà fún iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìrẹsì ní ìparí ọdún: gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Baálẹ̀ ò tíì fọwọ́ sí i. Àwa ni wọ́n ní kí a wá bá àwọn wò ó.

Àwọn kan nínú yín ti ń pariwo lórí WhatsApp pé kí a lé iléeṣẹ́ náà. A gbọ́. Ṣùgbọ́n òfin ohun alumọ́nì ti ọdún 2007 sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni ohun tó wà nínú ilẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ń dáko lórí rẹ̀. Ibi tí òfin yẹn ti rántí wa ni abala 116: ẹni tó bá gba àṣẹ kúárì gbọ́dọ̀ bá ìlú tó gbà á lálejò ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó dárúkọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ àti iṣẹ́ fún ọmọ ìlú, ọ̀nà, omi, iná, ìlera, títí kan ìrànwọ́ fún oníṣòwò kékeré. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń tún un yẹ̀ wò. Bí ọ̀rọ̀ ò bá wọ̀, ó di ọ̀dọ̀ mínísítà l'Ábùjá. Ẹ ò rí i pé ìrẹsì ọdún kò sí níbẹ̀?

Kì í ṣe òní ni ìjọba àti aládàáni ti ń da owó pọ̀ lórí òkúta ilẹ̀ wa. Ní 1959, Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, APCM tó jẹ́ iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti iléeṣẹ́ oníṣòwò UAC ló pawọ́ pọ̀ dá iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì WAPCO sílẹ̀, tí Ewékorò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sìmẹ́ńtì ní 1960. Iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀, àwọn bàbá wa kan jẹ níbẹ̀, a ò ní sẹ́. Ṣùgbọ́n nínú àwọn mẹ́ta tó dá a sílẹ̀, ẹ wá orúkọ abúlé kan jáde fún mi. Kúárì tiwa ò tó ìdajì Ewékorò, síbẹ̀ a fẹ́ jókòó níbi tí wọ́n ti ń pín èrè rẹ̀.

Owó yìí yóò san ti lọ́yà tó mọ òfin ohun alumọ́nì, kì í ṣe ti ilẹ̀ nìkan. Yóò san ti awọnlẹ̀ pẹ̀lú, nítorí òfin yọ abúlé, ọjà, itẹ́ òkú àti ojúbọ kúrò nínú ilẹ̀ tí wọ́n lè fún ẹnikẹ́ni láti wà. Itẹ́ àwọn bàbá wa wà lẹ́sẹ̀ òkè yẹn gan-an. Bí kò bá sí nínú máàpù, ẹni tó wà l'Ábùjá ò lè rí i.

Ohun tí yóò gba owó jù ni èyí táwọn kan ń bi wá pé kí ló wà fún: kí ẹnjiníà ya fọ́tò gbogbo ògiri ilé, kí ó wọn omi gbogbo kànga lẹ́ẹ̀rùn àti lójò, kí a sì gbé omi náà lọ fún àyẹ̀wò. Bí dáínámáìtì bá dún, kì í ṣe etí nìkan ló ń gbọ́ ọ. Ìmìtìtì rẹ̀ ń gba inú òkúta abẹ́ ilẹ̀ dé ìpìlẹ̀ ilé, ilé alámọ̀ tiwa ò sì ní irin nínú. Omi kànga wa, inú òkúta tó sán ló ti ń sun. Bí kòtò kúárì bá jìn ju kànga lọ, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ fa omi rẹ̀ dànù kí wọ́n lè ráyè ṣiṣẹ́, kànga lè gbẹ. Lọ́jọ́ tí a bá lọ fẹjọ́ sùn, wọn yóò ní òjò ló la ògiri, ọ̀gbẹlẹ̀ ló gbẹ kànga. Kí la fẹ́ fi dá wọn lóhùn, tí a ò bá ní àkọsílẹ̀ bó ṣe rí kí wọ́n tó dé? Bí ìbúgbàmù àkọ́kọ́ bá ti dún, ó ti pẹ́ jù láti ya fọ́tò yẹn.

Ohun tí a fẹ́ béèrè nínú àdéhùn náà ò pọ̀. Àwọn ìyá tó ń fi òòlù fọ́ òkúta lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ̀rọ yóò gba oúnjẹ lẹ́nu wọn. A fẹ́ kí iléeṣẹ́ máa ta òkúta fún wọn ní iye tí àwọn tó ń ra ọ̀pọ̀ ń rà á, kí wọ́n lè máa tà á ní ìsọ̀. A fẹ́ kí wọ́n kọ ẹni tí yóò dí kòtò náà nígbà tí òkúta bá tán, nítorí òkúta ò ní hù padà. Ní ti kànga ẹ̀rọ, ẹ mọ èyí tí olóṣèlú gbẹ́ fún wa: ewúrẹ́ ló ń sùn lábẹ́ táǹkì rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ta ni yóò ra epo jẹnẹrétọ̀.

Ìpàdé fẹnu kò sí ₦10,000 fún ọmọ ẹgbẹ́ tó wà ní Abẹ́òkúta àti abúlé, ₦25,000 fún ará Èkó, Ìbàdàn àti Àbújá, ₦100,000 fún ẹni tó wà lókè òkun. Akẹ́kọ̀ọ́ àti àgbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún kò san. Ẹni tí agbára rẹ̀ ò ká a lẹ́ẹ̀kan lè pín in sí mẹ́ta. Àáró ni Líṣàbí fi kó Ẹ̀gbá jọ, a ò sì gbọ́ pé wọ́n lé ẹni tí ọkọ́ rẹ̀ kéré.

Àkáǹtì ẹgbẹ́ nìkan ni kí ẹ sanwó sí. Ẹni tó bá san án sí àkáǹtì ẹnikẹ́ni, ìyẹn kan òun àti onítọ̀hún. Akápò yóò já rìsíìtì fún olúkúlùkù, a ó sì ka ìnáwó síta ní ìpàdé oṣooṣù. Kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí, kí owó ti wọlé.

Bí ẹ bá ní ìwé ilẹ̀ àtijọ́ nínú àpótí bàbá yín, kódà kó jẹ́ rìsíìtì ìṣákọ́lẹ̀ tó ti gbó, ẹ bá wa ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Lọ́yà ní òun nílò rẹ̀ ju owó lọ.

Akọ̀wé ẹgbẹ́, lórúkọ ìgbìmọ̀ aláṣẹ