Rónkẹ́, kì í ṣe ìfẹ́ ló tán níbẹ̀

Rónkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Báwo ni Chicago, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ voice note ẹ, èyí tó o ti ní látìgbà tó o ti ń gbé ilé yẹn o ò tíì mọ orúkọ ẹni tó wà lókè ẹ, pé àwọn èèyàn ibẹ̀ ò nífẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi torí òun gan-an ni mò ń kọ́ àwọn stúdẹ́ǹtì mi, mi ò sì gbà pé ìfẹ́ ló tán.

Ará Faransé kan tó jẹ́ onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, Durkheim, ti kọ ọ́ ní 1893 pé láyé àtijọ́, ohun tó so èèyàn pọ̀ ni pé wọ́n jọra, iṣẹ́ kan, ìgbàgbọ́ kan. Nígbà tí iṣẹ́ wá di oríṣiríṣi, bí kálukú ṣe nílò ẹnì kejì ló wá ń so wọ́n pọ̀. Àmọ́ tí nǹkan bá yí padà kíákíá jù, tí kò sófin tí gbogbo wọn jọ mọ̀ mọ́, olúkúlùkù á kàn máa ṣe tiẹ̀ ni, ìyẹn ló pè ní anomie. Kódà tówó bá ya wọlé lójijì, ó rí i pé àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn para wọn máa ń pọ̀ sí i.

Ó dáa, ká wá sí Chicago tìrẹ. Ní July 1995 ooru mú níbẹ̀ dé nǹkan bí 41°C, èèyàn 739 kú lé iye tó máa ń kú nírú àsìkò yẹn, àgbàlagbà tó ń dá gbé ló pọ̀ jù. Wo àdúgbò méjì níbẹ̀, North Lawndale àti South Lawndale (South yìí ni wọ́n tún ń pè ní Little Village), wọ́n fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, òṣì wà níbí ó wà lọ́hùn-ún, arúgbó tó ń dá gbé ò sì wọ́n níbì kankan nínú méjèèjì, síbẹ̀ nínú 100,000 èèyàn, 40 kú ní North, 4 péré ní South! Iléeṣẹ́ ti kó lọ ní North, ṣọ́ọ̀bù ti tì, ilé ti di ilẹ̀ẹ́lẹ̀, àwọn tó ń ta oògùn olóró gba kọ́nà, bàbá arúgbó á wá ti ilẹ̀kùn ti fèrèsé mọ́rí nínú ooru yẹn torí ẹ̀rù. Ní South, 26th Street kún fọ́fọ́, ọjà lọ́tùn-ún lósì, ìyá àgbà ríbi yà sí tí AC wà, wọ́n sì máa béèrè ẹ tí wọn ò bá rí i.

Àwọn kan ní torí pé ará Mẹ́síkò ló pọ̀ jù ní South, wọ́n sún mọ́ra wọn. Rárá o. Àwọn òyìnbó arúgbó tó ṣẹ́ kù síbẹ̀, tí kì í ṣe ará Mẹ́síkò rárá, àwọn náà ò fi bẹ́ẹ̀ kú. Títì yẹn gba gbogbo wọn ni. Ibí yìí ni mo máa ń tẹnu mọ́ jù ní kíláàsì.

Níbí náà, àtìgbà tí wọ́n ti ṣe géètì sí àdúgbò wa tí wọ́n lé ìyá alákàrà kúrò, mi ò mọ àwọn tó kó dé lẹ́yìn wa mọ́, bẹ́ẹ̀ ìdí agbada ẹ̀ la ti ń gbọ́ ẹni tó bímọ àti ẹni tára ẹ̀ ò yá.

Ṣé ṣọ́ọ̀bù kankan wà nítòsí ẹ tí wọ́n ti mọ ojú ẹ? Bá mi dé 26th Street lọ́jọ́ Sátidé kan, kó o sọ bó ṣe rí fún mi. Bá mi kí ọkọ ẹ o.

Èmi ni,
Dúpẹ́