Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: kámẹ́rà onífíìmù tí ẹ gbé pamọ́

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọ̀rinrin o. Mi ò kí yín bẹ́ẹ̀ lásán, torí ọ̀rinrin gan-an lẹjọ́ tí mo gbé wá. Láti ìgbà tí òjò ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ n'Ìbàdàn níbí, kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan kì í gbé kámẹ́rà kékeré sórí tábìlì mi kó sì sọ pé, “Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí mo gbé e pamọ́.” Mo gbà yín gbọ́. Ibi tí ẹ gbé e pamọ́ sí ló pa á.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí bátìrì bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń dùn mí jù. Láìpẹ́ yìí, màmá kan gbé Nikon L35AF ọkọ wọn tó ti dolóògbé wá. Ọdún 1983 ni irú kámẹ́rà yẹn jáde, bátìrì kékeré méjì, irú èyí tí à ń fi sí rìmóòtù, ló ń lò. Bí mo ṣe ṣí ilé bátìrì, ìyẹ̀fun funfun ló dà sí mi lọ́wọ́. Irin tó yẹ kó máa gbé iná ti di àwọ̀ ewé. Omi tó ń jò lára irú bátìrì bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe ọṣẹ dúdú: ó ń jẹ nǹkan, ohun kíkan ló sì ń pa agbára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi òwú tí mo rẹ sínú fínígà nù ún. Irin náà mọ́, àmọ́ wáyà tín-ín-rín tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti jẹ tán, mo ní láti so òmíràn. Fíìmù ṣì wà nínú kámẹ́rà náà. A fọ̀ ọ́. Fọ́tò mẹ́rin péré ló jáde, àwọ̀ wọn ti ṣá, màmá sì jókòó tì wọ́n títí ilẹ̀ fi ṣú.

Nítorí náà, bí ẹ kò bá ní lo kámẹ́rà yín fún oṣù kan, ẹ yọ bátìrì rẹ̀. Bí fíìmù bá wà nínú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yà á tán, kí ẹ jẹ́ kó ká ara rẹ̀ padà. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Olympus mju II lè mí díẹ̀, torí bátìrì CR123A tó ń lò kì í sábà jò. Ẹ ṣáà má ra ayédèrú.

Ebu ló tẹ̀ lé e. Bí búrẹ́dì ṣe ń bu náà ni inú lẹ́ǹsì ṣe ń bu. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, ẹ ó rí nǹkan bí ilé aláǹtakùn. Tí a bá tètè bá a, ó ṣeé nù. Tó bá pẹ́, á jẹ ara díńgí náà, fínígà kọ́, sípíríìtì kọ́, kò sí ohun tí mo lè fi tún un ṣe mọ́. Òkùnkùn, ọ̀rinrin àti afẹ́fẹ́ tí kò rìn ni ebu ń fẹ́, inú wọ́dúróòbù sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé. Kàfúrà tí ẹ kó sí i ń lé kòkòrò, kò lé ọ̀rinrin. Àpò aláwọ tó rẹwà yẹn sì ń mu omi bíi kànìnkànìn.

Ohun tó mú wa dá àpò aláwọ tí a máa ń fi kámẹ́rà yín sí dúró nìyẹn. Mo gbọ́ pé àwọn kan ní a ti ń ṣahun. Ahun kọ́ o. Ike onídèérí là ń fi kámẹ́rà sí báyìí, pẹ̀lú àpò pélébé irú èyí tí ẹ máa ń rí nínú páálí bàtà tuntun. Wóró inú tiwa jẹ́ búlúù. Tó bá ti di píǹkì, ó ti mu omi yó nìyẹn. Ẹ gbé e padà wá, a ó pààrọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ri kámẹ́rà sínú ìrẹsì, eruku rẹ̀ ni mo máa ń fi gbogbo ọ̀sán gbọ̀n jáde.

Àríyànjiyàn tó pọ̀ jù láàárín wa ni ti àbàwọ́n pupa tó máa ń gba ojú fọ́tò kọjá. Ẹ ó ní a fọ fíìmù yín ní ìfọkúfọ̀. Ẹ wo nẹ́gátíìfù náà dáadáa. Bí àmì yẹn bá kọjá etí àwòrán dé ibi tí ihò fíìmù wà, ìmọ́lẹ̀ ló yọ́ wọlé láti ẹ̀yìn kámẹ́rà. Fóòmù dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà létí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn tó ń dí ìmọ́lẹ̀ náà. Ooru àti ọ̀rinrin ọdún púpọ̀ á sọ ọ́ di ohun tó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ bí ọ̀dà. Ẹ má fi èékánná ha á, wóóro rẹ̀ á bọ́ sórí ṣọ́tà, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí tó sì ń pa dé nígbà tí ẹ bá ń ya fọ́tò. A lè fi tuntun sí i.

Mju II yìí kan náà, wọ́n ṣe é lọ́dún 1997 kí omi tó bá ta sí i má bàa wọlé. Òótọ́ ni. Àmọ́ rọ́bà inú rẹ̀ ti dàgbà bíi tiwa, ẹ má gbé e lọ wẹ̀.

Eruku ọyẹ́ kò le tó bẹ́ẹ̀. Rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ikun imú ọmọ ìkókó, tí ẹ lè rà ní kẹ́míìsì, ẹ fi fẹ́ ẹ kúrò lójú lẹ́ǹsì. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á ta sí i. Ẹ má sì fi kámẹ́rà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wo fídíò lórí YouTube kí ẹ tó tú u fúnra yín, mo bẹ̀ yín. Ohun kan wà lẹ́yìn fláàṣì tó ń tọ́jú iná tó tó nǹkan bí 300 fóltì, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ bátìrì. Ó ti gbé mi rí, mo ju kámẹ́rà oníkámẹ́rà sílẹ̀, owó rẹ̀ sì jáde lápò mi.

Nípa ìdí tí mo fi máa ń sọ pé “kò ṣeé ṣe” nígbà míì: wọn kò ṣe ẹ̀yà ara àwọn kámẹ́rà wọ̀nyí mọ́. Ohun tí mo bá máa fi tún Olympus XA yín ṣe, ara XA mìíràn tó ti kú ni mo ti máa yọ ọ́. Bí ẹ bá ní òkú kámẹ́rà nílé, ẹ má jù ú nù, a ó rà á.

Bí ẹ bá ń bọ̀, tí ẹ kò sì mọ̀ bóyá fíìmù wà nínú rẹ̀, ẹ má ṣí i wò. Ẹ gbé e wá bẹ́ẹ̀, inú yàrá òkùnkùn ni a ó ti ṣí i.

Tiyín nítòótọ́,
Èmi tí mò ń tún kámẹ́rà yín ṣe