Kọ́lá, má tíì sanwó ìdánwò yẹn

Kọ́lá ọ̀rẹ́ mi,

O kú oríire máàsítà. Mo rí àwòrán rẹ nínú aṣọ ìgboyè, gbogbo ará ilé ni mo fi hàn, ìyá mi sì ti ṣàdúrà lé e lórí títí ilẹ̀ fi ṣú. Ṣùgbọ́n ìlà kan nínú lẹ́tà rẹ ni kò jẹ́ kí n sùn: o ní wọ́n sọ fún ọ pé nínú FE, ìdánwò àkọ́kọ́ fún láíséǹsì ẹnjinníà ní Amẹ́ríkà níbí, Other Disciplines ló rọrùn jù, àti pé ọjọ́ Ẹtì lo máa sanwó rẹ̀. Bí o kò bá tíì san án, jọ̀wọ́, dáwọ́ dúró kí o kọ́kọ́ ka lẹ́tà yìí tán.

Ta ni "wọ́n" náà? Bó bá jẹ́ ẹni tó kàwé mechanical ni, òótọ́ lè wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún òun fúnra rẹ̀. Ẹ̀ka méje ni FE pín sí: Chemical, Civil, Electrical and Computer, Environmental, Industrial and Systems, Mechanical, àti Other Disciplines yìí. Orúkọ ìkẹyìn yẹn ló ń tan èèyàn. Ó ń dún bí ìdánwò tí wọ́n bu nǹkan díẹ̀díẹ̀ sí, tí ẹnikẹ́ni lè bọ́ sí. Lọ wo ohun tó wà nínú rẹ̀: thermodynamics àti heat transfer, iná mànàmáná, kẹ́mísírì, instrumentation, àti dynamics tó pọ̀ ju ti Civil lọ dáadáa. Ìwọ àti thermodynamics, Kọ́lá! Ṣé o ti gbàgbé 300 level ni?

Omi ni iṣẹ́ rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀. Soil and water lo ṣe nínú agric engineering, water resources lo fi gba máàsítà, gọ́tà àti omi òjò ni ọ́fíìsì tó gbà ọ́ síṣẹ́ ń ṣe. Civil ni kí o yàn. Ìbéèrè 10 sí 15 ni wọ́n fi sílẹ̀ fún water resources àti environmental níbẹ̀, 10 sí 15 fún geotechnical, 6 sí 9 fún fluid mechanics. Bí a bá ka iye tó kéré jù, ìbéèrè 26 nínú 110 ló wà lórí ilẹ̀ tí o ti ń tẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Mi ò tíì ka statics àti máàtì o.

Mo mọ̀ pé o máa ní Environmental ńkọ́. Ó dára, hydrology àti omi abẹ́ ilẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n air quality náà wà, pẹ̀lú ìdọ̀tí olóró, risk assessment àti kẹ́mísírì tó pọ̀. Ká ní ilé iṣẹ́ tó ń fọ omi ìdọ̀tí ló gbà ọ́ ni, mi ò bá sọ pé kí o lọ ṣe é. Òfin kò sọ pé ẹ̀ka tí o bá fi ṣe FE ni o gbọ́dọ̀ fi ṣe PE (ìdánwò láíséǹsì kejì, tó tẹ̀lé FE), ìwé tí o bá kà fún Civil nísinsìnyí kàn máa tún wúlò nígbà tí o bá fẹ́ ṣe PE Civil: Water Resources and Environmental. Nítorí náà, má kàwé lẹ́ẹ̀mejì.

Ibi tí Civil ti máa dà ọ́ láàmú, structural ni. BS 8110, ìlànà àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n fi kọ́ wa ní kọnkéré, ACI 318 ti Amẹ́ríkà ni wọ́n ń lò níbí. Agbára kúùbù la mọ̀, sílíńdà ni wọ́n fi ń wọn f'c, agbára kọnkéré ti wọn, iye méjèèjì kì í sì í dọ́gba fún kọnkéré kan náà. Phi, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dín agbára kù, jẹ́ 0.9 fún bíìmù tó jẹ́ tension-controlled, 0.75 fún shear: fi wọ́n sórí, kí o sì gbàgbé 0.87fy ti BS 8110 pátápátá títí o fi máa ṣe tán. Ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà, má fi í sẹ́yìn. Transportation ṣàjèjì sí ọ, 9 sí 14 ni, ṣùgbọ́n ó rọrùn ju bó ṣe ń dẹ́rù bani lọ. Kọ́ọ̀fù ojú ọ̀nà àti sight distance (ibi tí ojú awakọ̀ lè rí dé) ló pọ̀ nínú rẹ̀, fọ́múlà wọn sì wà nínú Handbook, ìwé fọ́múlà tí wọ́n ń jẹ́ ká lò nínú ìdánwò. Ọ̀sẹ̀ méjì tó o.

Ohun tó sì ń pa ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ti ilé wá lára ni ìwọ̀n. SI wà, ti Amẹ́ríkà náà wà. Omi tó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 10, 62.4 (iye pọ́n-ùn omi inú ẹsẹ̀ bàtà kúbíìkì kan) lọ́nà 10, ó di 624 pọ́n-ùn lórí ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú lóròó. Bí wọ́n bá béèrè psi, ìyẹn pọ́n-ùn lórí íǹṣì kan níbùú lóròó, 144 lo máa fi pín in, á jẹ́ 4.33. Ẹni tó bá fi 12 pín in nínú ìkánjú á rí 52, á sì gbà pé òun ti ṣe é. Máa kọ ìwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo nọ́ńbà, títí kan èyí tó dá ọ lójú.

Handbook náà, ọ̀fẹ́ ni nínú àkáǹtì MyNCEES, ti NCEES, àjọ tó ń ṣe ìdánwò náà. Òun nìkan ni kí o máa fi ṣe ìdánrawò láti ọjọ́ kìn-ín-ní, lórí kọ̀ǹpútà, kì í ṣe lórí bébà, nítorí orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti máa ṣí i fún ọ lọ́jọ́ ìdánwò. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kí o máa fi wá nǹkan nínú rẹ̀, bíi "Manning"; bí o bá kọ odindi gbólóhùn, ó lè má rí nǹkan kan. Ìṣẹ́jú 320 ni fún ìbéèrè 110, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tó bá kù díẹ̀ kó tó ìdajì tàbí tó kọjá rẹ̀ díẹ̀, wàá fi apá kìn-ín-ní sílẹ̀ kí o tó gba ìsinmi ìṣẹ́jú 25. Bí o bá ti fi í sílẹ̀, o kò lè padà sí i mọ́. Wọn kì í yọ máàkì fún àṣìṣe, nítorí náà má fi ìkankan sílẹ̀ lófo.

Casio rẹ ńkọ́? Èyí tó bá ní fx-115 tàbí fx-991 nínú orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbà. Bó bá jẹ́ fx-570 lo gbé wá, fi í sílé.

Orúkọ rẹ tún ni o. Páásípọ́ọ̀tù rẹ ń jẹ́ Kọ́láwọlé, Kọ́lá lo sì máa ń kọ sínú fọ́ọ̀mù gbogbo. Èyí tó wà lórí ìwé ìdánimọ̀ gẹ́lẹ́ ni kó wà nínú MyNCEES. Bí wọn ò bá bára mu, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti máa dá ọ padà, owó náà á sì bá a lọ.

Ó kù ohun kan tó yẹ kí o bẹ̀rẹ̀ lónìí, kódà ṣáájú ìwé kíkà: credentials evaluation, yíyẹ ìwé ẹ̀rí wò bóyá ó bá ti ibí mu. Ilé ni o ti gba digirì àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù ìpínlẹ̀ ló sì máa béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó fún ọ ní láíséǹsì. Yunifásítì fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi transcript ránṣẹ́, o sì mọ bí wọ́n ṣe ń falẹ̀ níbẹ̀. Kírẹ́díìtì 32 ni wọ́n ń wá nínú máàtì àti sáyẹ́ǹsì, 48 nínú ẹnjinníárìn. Wá ẹni tó máa lọ jókòó tì wọ́n ní ọ́fíìsì náà. Bí o bá sì yege FE, EIT (Engineer in Training), ìwé ẹ̀rí ẹnjinníà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́, kì í fúnra rẹ̀ wá, bọ́ọ̀dù ìpínlẹ̀ rẹ lo máa kọ̀wé sí.

Ṣọlá ti fẹ́ Akin, wọn ò pe ẹnikẹ́ni, orí fóònù la ó ti sọ ìyẹn. Ẹsẹ̀ bàbá ńkọ́? O kò dárúkọ wọn nínú lẹ́tà yìí, àyà mi sì ń já.

Kọ́lá, mo fẹ́ bẹ̀ ọ́. Àbúrò mi obìnrin ń bọ̀ ní Houston ní oṣù kẹjọ, yàrá iléèwé rẹ̀ kò ní ṣí títí ọ̀sẹ̀ méjì á fi kọjá. Bá mi gbà á sílé, kò ní dí ọ lọ́wọ́ ìwé kíkà. Dá mi lóhùn ṣáájú ọjọ́ Ẹtì, lórí méjèèjì.

Èmi ni tìrẹ,
Dúpẹ́